Hóró Ìrẹsì Méjì

Ìyá Sífáwù gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi,
ó dojú rẹ̀ dé, ó tún un yí padà,
ó ní, "Ìkòkò wo lèyí tí kò nídìí?"
Mo ní iná ni yóò máa gba ìdí rẹ̀ jáde, Ìyá,
iná aláwọ̀ àlùkò, tẹ́ẹ́rẹ́,
tí kò ní se ọbẹ̀, tí kò ní yan àgbàdo,
tí yóò kàn máa ti sátẹ́láìtì kékeré kan lẹ́yìn
níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé.
Ó wò mí títí.
Nínú ebu l'Ókèlele, wọ́n ti rí oríṣìíríṣìí oníbàárà.
Ó ní, "Mélòó?"
Mo ní mẹ́fà, torí pé òmíràn yóò sán.
Ó ní tòun kì í sán.
Mẹ́rin sán.

Sùbérù wẹ́dà, ní Tanke, bù fún mi nínú gáàsì ágọ́nì
tó fi ń lẹ rédíétọ̀. Kò gbowó.
Ó ní kí n ṣáà kọ orúkọ òun sára rẹ̀ kó tó lọ sí òṣùpá.
Mo ní kò ní dé òṣùpá.
Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Ogójì wáàtì péré ni oúnjẹ rẹ̀,
gílóòbù yàrá ọmọ ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
A já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ átọ́ọ̀mù,
àdánù náà sọ ọ́ di áyọ́nù;
a gbé asẹ́ irin tó ní iná lára síwájú rẹ̀,
ó sáré tọ̀ ọ́, ó gba ojú ihò já sóde.
Ká ní títì ni, ì bá kúrò n'Ílọrin,
ì bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta.
Ṣùgbọ́n ó kéré.
Gbogbo wọn pa pọ̀, bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù,
ipá wọn kò ju hóró ìrẹsì méjì lórí àtẹ́lẹwọ́.

Mo fẹ́ pa á lówe fún Ìyá, òwe imú ẹlẹ́dẹ̀
tó ń wọ ọgbà díẹ̀díẹ̀;
mo rántí ilé tí mo wà, mo fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀.
Mo ní oṣù mẹ́ta ni yóò fi máa tì í, lọ́sàn-án, lóru.
Ó ní, "Ààwẹ̀ oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ṣé ara rẹ̀ á gbà á?"

Ìbéèrè gan-an nìyẹn.
Wọ́n ní òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ló fún ìlú yìí lórúkọ.
A ṣì ń lọ nǹkan: áyọ́nù tó bá ṣìnà
a máa ha ògiri ìkòkò, bíńtín, bíńtín,
títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí eèpo àlùbọ́sà.
Ohun tó ń tì wá síwájú náà ló ń jẹ wá.
Mo kọ ìyẹn sínú ìwé, mo tún pa á rẹ́;
kì í ṣe ìṣirò.

Ọ̀sán kò ṣeé fi wọn nǹkan.
Tírélà tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà ń mi ògiri;
bí ará òkè bá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ mi á ní òun ti fò.
Aago méjì òru sí àsùbáà
ni Ìlọrin ń dákẹ́ fún mi.
Mo fi òwú aláṣọ-òkè so ó rọ̀ nínú sílíńdà tí mo fa èémí rẹ̀ tán,
mo lẹ dígí mọ́ ọn,
iná pupa ìṣeré ọmọdé ta láti ibẹ̀ bà lé ògiri.
Òru kẹtàdínlógún. Ìkòkò karùn-ún.
Àlùkò yọ.
Àmì pupa náà rìn.
Ó rìn tó ìbú èékánná ìkókó, ó dúró síbẹ̀.
Mo pa á, ó padà.
Mo tàn án, ó tún rìn.
Mo pa, mo tàn, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi súìsì hàn,
títí ládàánì fi pe ìrun.

"Ó fò?" ni Ìyá bi mí.
Mo ní rárá, ó yẹ̀ díẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu ìkòkò náà, níbi tó ti ń fẹ́lẹ́.
"Amọ̀ ibí yìí ò dáa," ló wí.
"Padà wá l'Álàmísì."